Ẹni Méjì Nínú Mẹ́wàá

Ìpotì-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé.

Àtinúkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́, ọ́fíìsì ìjọba tí o wà ní Ìbàdàn kò ní dá ọ dúró. Kòkó so dáadáa lọ́dún yìí, òjò ni kò jẹ́ kí ó tètè gbẹ. Adìyẹ ìyá rẹ pa ọmọ mẹ́jọ, àṣá ti gbé ọ̀kan.

Wàá bèèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìyá rẹ tó wà nídìí ààrò á máa dá ọ lóhùn, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe èyí tó gbọ́dọ̀ gbọ́ báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé, awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn ni yóò mú un wá.

Ikọ́ tí mo sọ fún ọ pé kì í ṣe nǹkan kan nígbà tí o wá ṣọdún Àjíǹde, ó ti di nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Ọlájídé wá ń wádìí mi bí ìgbà tí àna ń wádìí ọkọ ìyàwó. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mí, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, ṣé mo ti mu sìgá rí. Mo ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, oko kòkó, mo sì mu sìgá fún ọgbọ̀n ọdún nítorí yànmùyánmú oko, ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́ kí wọ́n tó fi mí jẹ Bàbá Ìjọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ Bàbá Ìjọ náà sílẹ̀, ó ní kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.

Wọ́n tì mí wọ inú ẹ̀rọ kan tó rí ribiti bí ẹnu kànga. Ẹnìkan nínú ẹ̀rọ náà ní kí n fa èémí sínú kí n sì dì í mú. Mo ní ó dára, sà. Wọ́n ní mo ti ba fọ́tò jẹ́. Ṣé ènìyàn á bá mi sọ̀rọ̀, kí n wá dákẹ́ bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé?

Èsì ti jáde. Jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Mo fi Ọlọ́run bẹ dókítà kí ó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní nínú ẹni mẹ́wàá tí tiwọn bá ti dé ibi tí tèmi dé, bóyá ẹni méjì ni yóò ṣì wà láyé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Mo jáde. Mo ka àwa tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mẹ́wàá gẹ́lẹ́ ni wá.

Ó ti yé mi. Orúkọ méjì ni yóò jáde. O mọ bí nǹkan ṣe rí ní ilẹ̀ yìí: nígbà tí o fẹ́ wọ yunifásítì, o yege, síbẹ̀ orúkọ rẹ kò jáde títí a fi rí ẹni tó mọ ẹnìkan. Ajílẹ̀ ìjọba náà, orúkọ ló ń jáde fún un. Mo ti ń wo àwọn yòókù. Káfíńtà kan wà láti Ayétòrò tó ṣì ń yọ́ lọ mu sìgá lẹ́yìn ilé. Ìyẹn kò lè yege. Ṣùgbọ́n tíṣà àgbà kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìjọba. Èmi ńkọ́? Wá ẹni tí yóò bá dókítà sọ̀rọ̀, kí o sì fi owó tí n ó fi kí i ránṣẹ́. Tètè o. Ẹ̀rù ń bà mí, Àtinúkẹ́. N kò tíì fẹ́ kú.

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ̀ awakọ̀ bàjẹ́, ìwé yìí ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. N kò fa èyí tí mo kọ sókè ya, nítorí òótọ́ ni.

Mo lọ sí Adó lónìí. Mẹ́sàn-án ni wá lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi nọ́ọ̀sì pé tíṣà dà, ó ní bàbá náà kò ní wá mọ́. Ọmọ tó wà nílé ìjọba kò rí nǹkan kan ṣe sí i. N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi ló kọ́kọ́ dùn. Mo ní ó ti ku mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, èmi tí mò ń ka Bíbélì fún ìjọ.

Obìnrin kan ló jókòó tì mí, Bùsáyọ̀, ará Òkè-Ìmẹ̀sí. Kò ju ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ, kò sì mu sìgá rí. Ó dá àgbàdo sísè rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó gùn. Nígbà tí wọ́n pè é sí ibi ẹ̀rọ, ó ní kí n bá òun gbé ọmọ ọwọ́ òun dání. Mo kìlọ̀ fún un pé bí ẹni inú ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀, kí ó má dáhùn o. Ọmọ náà, Peace, sùn lọ sí àyà mi, ibi tí àìsàn yẹn wà gan-an. Ikọ́ dé, mo gbé ikọ́ náà mì kí ọmọ má baà jí. Omi bọ́ lójú mi.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ báyìí. Bí o bá rí ẹni tó mọ ẹnìkan, Bùsáyọ̀ ni kí o kọ sókè, kí o kọ èmi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àyè kan ṣoṣo ló kù, fa igi lé tèmi. Mo ti rí ọmọ, mo ti rí ọmọ ọmọ. Peace kò tíì mọ bí a ṣe ń pe màmá. Má wulẹ̀ wá owó dókítà mọ́, ọmọ dáadáa ni dókítà náà. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, tèmi àti ti Bùsáyọ̀, nítorí ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun yóò lè wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ kí á di mẹ́jọ.

Olúwa yóò bù sí ibi tí o bá ti mú un. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Ojú rẹ kò ní rí ibi.

Bí orúkọ bá jáde, fara balẹ̀ kà á. Bí o bá rí tèmi, pè mí lórí fóònù, kí ìyá rẹ máa gbọ́ ọ láti ìdí ààrò. Bí o kò bá rí i, má pè. Ṣáà máa bọ̀ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Èlíjà Ògúntóyè.