Bọ́ọ̀lù Tí Mo Fi Etí Wò

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Ìfọṣọ,
                                                  Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Ilé-Omi.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Gólì tí bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rù,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti rọ̀ díẹ̀? Orúnkún tìrẹ náà ńkọ́? Ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ fò ṣubú níwájú ilé góòlù kò gbọdọ̀ rò pé ara ti gbàgbé. Ọ̀gá yín tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ mí báyìí? Ní tiwa, a ò rí nǹkan búburú. Ìyàwó mi kí ọ, ó ní ojú rẹ ti di ohun tí a ń wò nínú fọ́tò. Ọmọbìnrin mi àgbà ti parí iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ náà wà bó ṣe wà. Tí mo bá pẹ́, àwọn oníbàárà á bú mi pé mo pẹ́. Tí mo bá yá, wọ́n á bú mi pé aṣọ ò gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú mi láti ọjọ́ yìí, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún bí kò ṣe ìwọ. Má rẹ́rìn-ín. Mi ò gbádùn bọ́ọ̀lù mọ́. Èyí tí wọ́n ń gbá nínú tẹlifíṣọ̀n ni mò ń sọ. Èmi tí tíṣà ìṣirò lé jáde ní kíláàsì nítorí pé pápá bọ́ọ̀lù ni mo yà sí ibi tó yẹ kí n ya onígun mẹ́ta sí. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo ilé dìde nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí a ti máa ń wò ó, èmi nìkan ni mo jókòó. Rẹfirí ni mò ń wò. Ó ti fi ìka sétí, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń pè lórí fóònù. A dúró, a dúró. Wọ́n fa ìlà gbọọrọ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá ní abíyá ọmọ tó gbá a wọlé ti ṣíwájú, pé ọfusáìdì ni. Wọ́n fagi lé góòlù. Ọ̀rẹ́ mi, abíyá. Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi abíyá gbá bọ́ọ̀lù?

Ohun tó wà nínú mi ni mo fi ẹnu ara mi sọ síta lọ́jọ́ náà, àṣìṣe ńlá sì ni. Mo ní láti ìgbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ góòlù wò yẹn ti dé, ayọ̀ ò dùn mọ́; ayọ̀ tí wọ́n bá ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó bá fi máa wọlé, ó ti tutù. Mo ní àwọn ọmọ yìí á fẹnu ko àmì ẹgbẹ́ lórí jẹ́sì níwájú gbogbo ayé, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á fẹnu ko tẹlòmíràn. Mo ní èmi tí mò ń fọ jẹ́sì ni kí wọ́n bi: lọ́dọọdún ni wọ́n ń yí ìlà ara rẹ̀ padà, lọ́dọọdún lẹ̀ ń ra tuntun, tọdún tó kọjá á sì di àkísà tẹ́ ẹ fi ń nu ilẹ̀. Èyí tó wá dun onítáyà jù, tó jókòó tì mí, ni mo sọ kẹ́yìn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń wo bọ́ọ̀lù nínú gbogbo wa mọ́, tẹ́tẹ́ inú fóònù là ń wò. Pé bọ́ọ̀lù wọlé o, kò wọlé o, kọ́nà tí onítáyà ta tẹ́tẹ́ lé lórí ló ń ké sí.

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Apá kan orí oníbàárà tó ń gẹ̀ ti dán, apá kejì ṣì wà ní igbó. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Onífọṣọ, ọjọ́ orí ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe bọ́ọ̀lù." Onítáyà ní kí n máa lọ wo ayò ọlọ́pọ́n, pé ibẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ, kò sì sí abíyá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹni tí orí rẹ̀ dá sí méjì náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Mo délé, ọ̀rọ̀ náà ò tán lára mi. Bí oyin bá korò lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ṣé oyin la ó bi ni àbí ẹnu? Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Bóyá bọ́ọ̀lù wà níbi tó wà, èmi ni mo gbó.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí àbúrò mi fi wá bá mi. O rántí Ẹja, àbúrò mi, tí a fún lórúkọ yẹn nítorí pé kò sẹ́ni tó lè dì í mú tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ nípa àìsàn tó wọ̀ ọ́ lójú, bó ṣe mú ọ̀kan, tó tún padà wá mú ìkejì. Ó ṣì ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ fọwọ́ yẹ pákó wò, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan ló ti ń sọ pé àwọn kan tí ojú wọn ò ríran bíi tòun kó ara jọ, àwọn sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo rò pé ìtàn tó fi ń tù wá nínú ni. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí, aṣọ máa ń pọ̀ nílẹ̀ fún mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ rí i kó ṣubú káwọn èèyàn máa ṣe pẹ̀lẹ́ fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní eré ọjọ́ Sátidé ni yóò sọ ẹgbẹ́ tó máa ṣojú gbogbo agbègbè wa níbi ìdíje ńlá. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó gún mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù. Ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí i tí kò bá jọ bọ́ọ̀lù lójú yín, mi ò ní pè yín mọ́." Ìyàwó rẹ̀ ní ohun kan péré ni kí n rántí, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni.

Gólì, mo lọ. Pápá náà kò ju pápá tẹníìsì lọ, kọnkéré ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi pákó gbọọrọ gbọọrọ ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí bọ́ọ̀lù má baà jáde. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gólì nìkan ló ríran, kí o lè mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ṣì níyì. Àwọn yòókù, aṣọ dúdú ni wọ́n fi dì wọ́n lójú, kí ẹni tó ṣì ń rí fìrífìrí má baà rẹ́ ẹni tí kò rí rárá jẹ. Nǹkan wà nínú bọ́ọ̀lù náà tó ń dún woro woro bó ṣe ń yí. Ẹni tó bá ń lọ gba bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa sọ pé "fọ́ì, fọ́ì," kí orí má baà gbá orí. Ọ̀rọ̀ èdè òkèèrè ni, wọ́n ní "mò ń lọ" ló túmọ̀ sí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní ẹnì kan lẹ́yìn ilé góòlù ọ̀tá, tó ń fi ohùn júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ẹgbẹ́ tiwọn.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, rẹfirí kọjú sí àwa tí a wá wòran, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, etí ni ojú àwọn wọ̀nyí. Ẹni tó bá pariwo ti tún dì wọ́n lójú lẹ́ẹ̀kejì." Ó fọn fèrè. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Èrò kún bẹ́ńṣì fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Mo ń wá àbúrò mi tí mo máa ń fà lọ́wọ́ sọdá títì, mi ò rí i. Ẹja ni mo rí. Bọ́ọ̀lù ń lọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé okùn so ó mọ́ bàtà. Ọ̀kan ń bọ̀ lápá ibí, "fọ́ì, fọ́ì," ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọ́, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù padà, ó gba ẹ̀yìn onítọ̀hún kọjá. Nígbà tí ìyẹn fi máa na ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gbá. Wọ́n ń gbá ara wọn, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, kò sẹ́ni tó ṣe pẹ̀lẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wo bọ́ọ̀lù láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbé gbogbo pápá sínú orí bẹ́ẹ̀, kó mọ ibi tí pákó wà, ibi tí ọ̀rẹ́ wà, ibi tí ọ̀tá wà, kó sì máa sáré tagbára-tagbára nínú òkùnkùn.

Nígbà tó di ìdajì kejì tí kò tíì sẹ́ni tó jẹ góòlù, Ẹja gba bọ́ọ̀lù láàárín. Ó gé ẹnì kan kọjá, ó tún gé ẹnì kejì. Gólì nìkan ló kù níwájú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi ò bi mí kó tó là. Gbogbo igbe tí mi ò ké ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ látọjọ́ yìí wá, ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde: "Yìn ín, Ẹja."

Ohùn mi ló fi dàgbà lórí pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sí ọ̀dọ̀ mi, ó sì yìn ín. Pákó ẹ̀gbẹ́ ló gbà á, gbàà, níwájú orúnkún mi gan-an.

Rẹfirí fọn fèrè. Kò bú mi, ó kàn na ìka sí ẹnu géètì. Kò sẹ́ni tó pòṣé sí mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dùn mí ju èébú lọ. Àbúrò mi fọwọ́ ti ìbàdí, ó kọ ojú dídì rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín." Mo jáde bí ẹni tó tọ̀ sórí ẹní nílé àna.

Mo dúró lẹ́yìn ògiri níta. Ògiri náà ga jù mí lọ. Mo rò ó pé kí n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ó ní kí n wá wò ó bóyá ó jọ bọ́ọ̀lù, èmi ni mo wá bà á jẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo fi orí ti ògiri. Ọkọ̀ tó ń kọjá ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ woro woro. Mo tẹ́tí sí i. Nígbà tó bá ń dún léraléra, ẹnì kan ń sáré. Tó bá ń dún ní gígé gígé, ó wà láàárín ẹsẹ̀ méjì. Tó bá dákẹ́, ẹnì kan ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń ronú. Kò pẹ́ tí mo fi ń dá ẹsẹ̀ àbúrò mi mọ̀ láàárín ti gbogbo wọn, bí èèyàn ṣe ń dá ẹsẹ̀ ará ilé ẹni mọ̀ ní kọ́rídọ̀.

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn góòlù. "Máa bọ̀. Máa bọ̀. Ẹnì kan wà lọ́tùn-ún rẹ." Mo gbọ́ "fọ́ì, fọ́ì." Woro náà dákẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnì kan sáré kọjá gìrìgìrì, ó lọ. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Mo ti di ojú mi, mi ò mọ ìgbà tí mo dì í. Mo wá gbọ́ gbì, mo gbọ́ woro kan ṣoṣo lókè, mo gbọ́ nẹ́ẹ̀tì, ṣìì, bí aṣọ tí a fà kúrò lórí okùn. Lẹ́yìn náà ni ariwo èrò sọ bí ẹni pé ilé wó. Kò sẹ́ni tó ní ká dúró ná. Èmi náà ń fò lójú títì. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ dúró, ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní àbúrò mi ló jẹ góòlù. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Góòlù yẹn nìkan ni wọ́n jẹ, òun ló sì mú wọn lọ síbi ìdíje. Nígbà tí Ẹja jáde, ó fi ọwọ́ lé èjìká ìyàwó rẹ̀, òógùn bò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé wọ́n jẹ́ kí n wọlé padà. Mo ní rárá.

"Ẹ ò rí góòlù mi nìyẹn."

Mo fẹ́ purọ́, kò ṣe é pa. Mo ní, "Mi ò rí i. Mo gbọ́ ọ."

Ó ní kí n sọ bó ṣe rí. Mo bá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ pè é, pé ẹnì kan já bọ̀ lápá ọ̀tún, pé ó fẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kí onítọ̀hún sáré kọjá lọ, ó tún dúró díẹ̀ sí i, débi tí àyà mi fẹ́ já, kó tó wá gbé e sókè.

Ó gbé ọwọ́ kúrò léjìká ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé tèmi. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà gan-an lèmi ṣe rí i."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún ìyá wa pé mo dọ̀bálẹ̀. Tí o bá rí àyè, wá ká jọ lọ síbi ìdíje náà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ló bàjẹ́ ni àbí èmi. Kọ̀wé sí mi, kí o sọ tìrẹ láìfi bò.

Èmi ni, tìrẹ títí fèrè ìkẹyìn yóò fi dún,

                                                  Onífọṣọ.