Ẹnubodè Tí Màmá Wa Ń Bèèrè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aṣọ ni mo ń tà ní àdúgbò Talladjé níbí.

Ogójì ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ni mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní yunifásítì tó wà ní Kútọnu, kó fi wọkọ̀ wá wo Màmá wa tó ń ṣàìsàn. Mo ra oògùn ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún méjì ló kù lọ́wọ́ mi.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kì í gbọ́ ìròyìn ni? Wọ́n ti ti ẹnubodè tó wà láàárín ibí àti ọ̀dọ̀ yín." Òótọ́ ni, mo gbà.

Àfi bí mo ṣe rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, tó wà ní Abidjan, níbi ìdíje bọ́ọ̀lù ife Áfíríkà. Owó mi ló fi lọ. Ẹnubodè mẹ́ta ló kọjá! Mo pè é. Ó ní, "Ẹ má bínú, àwọn yẹn ṣí sílẹ̀ ni."

Àràárọ̀ ni Màmá ń bi mí bóyá wọ́n ti ṣí ẹnubodè. Lánàá, Màmá ní kí n fi díẹ̀ kún owó ọkọ̀ ọmọ wọn, bóyá kò tó ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ òótọ́ fún Màmá? Ogún ẹgbẹ̀rún nínú owó ọkọ̀ yẹn, mo yá a ni. Mi ò tíì san nǹkan kan níbẹ̀.