Ojú Mi Tí Wọ́n Fi Ṣàwàdà Ìbò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú wàhálà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi.

Wẹ́dà ni mí. Àwa wẹ́dà ní ìkànnì kan lórí fóònù tí a ti ń kọ́ ara wa níṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo jó irin tán, mo ṣí ìbòjú sókè kí n lè fi òòlù gbá èépá ara rẹ̀ dànù. Èépá gbígbóná kan ta sí mi lójú. Ojú náà ti lọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀, ojú nìkan, mo gbé e sórí ìkànnì náà láti fi kìlọ̀ fún àwọn yòókù.

Ọ̀gá wẹ́dà kan níbẹ̀ mú fọ́tò náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: “Ojú tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì fi dìbò rèé.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bínú, alábòójútó ìkànnì náà ní, “Àwàdà là ń ṣe, kí ló ń bí ẹ nínú?” Mo ní ẹgbẹ́ òṣèlú tiẹ̀ náà ò sàn. Ló bá yọ mí kúrò, ó ní òfin ò gba òṣèlú. Ẹnì kan tó ṣì wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ó pa ìkìlọ̀ mi rẹ́. Àwàdà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Lánàá, àbúrò mi tó wà nílùú mìíràn fi í ránṣẹ́ sí mi: “Bọ̀dá mi, ẹ wá rẹ́rìn-ín.” Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ojú mi fún wọn nílé, kí ọkàn ìyá wa má baà dàrú. Àbúrò mi ò mọ ojú ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé irú àwàdà yìí yẹ níbi tí èèyàn ti ń kọ́ṣẹ́? Olóòtú, èsì wo ni kí n fún àbúrò mi? Ó ṣì ń bi mí pé ṣé kò pa mí lẹ́rìn-ín ni.