Ìṣó Tí O Kàn Sílẹ̀ Lára Ògiri

Àbúrò mi, Ọ̀gágun tí kò fojú kan ogun rí, ọdún mẹ́fà rèé tí o ti dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí o bá tìrẹ lọ. Ọdún mẹ́fà! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni wọ́n ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ níbi ìrántí ikú rẹ lọ́dún yìí, wọ́n ní èmi nìkan ló lè bá ọ wí láìsunkún. Irọ́ ni wọ́n pa.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò kú. Ìyàwó rẹ ló ń gé aṣọ níbẹ̀ báyìí, gígé rẹ̀ sì tọ́ ju tìrẹ lọ; má bínú. Àbíkẹ́yìn rẹ ti ga jù mí lọ. Yàrá òkè tí o ń fi ọdọọdún ṣèlérí, a ti kan òrùlé rẹ̀. A kun gbogbo ilé lọ́dà, àfi ògiri pálọ̀ níbi tí àwọn ogun rẹ wà.

Àwọn ogun rẹ! Àwòrán ogun àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí o ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o fi gíláàsì bò: ẹṣin, àgbá, èéfín, àwọn ọkùnrin tó ń kú láìjẹ́ kí kọ́là ọrùn ẹ̀wù wọn rún. Àlejò kan kì í fìdí balẹ̀ ní pálọ̀ rẹ kó tó gbọ́ ẹni tó ṣẹ́gun. Télọ̀ ni ọ́, ẹ̀wù lo sì fi ń dájọ́ ogun: ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ bá jókòó dáadáa léjìká ló borí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìwọ tí aláǹgbá lé jáde ní balùwẹ̀! O rán irú ẹ̀wù ọ̀hún fún ara rẹ, o wọ̀ ọ́ lọ sípàdé ẹbí nínú oòrùn, òógùn bò ọ́ bí ẹni tí wọ́n da omi lù. A rẹ́rìn-ín títí. Ta ni ká wá fi rẹ́rìn-ín báyìí?

Àwòrán kan ló kù kí wọ́n pé, ti ìkẹyìn, níbi tí ọ̀gágun rẹ ẹlẹ́ṣin funfun ti ja ìjà àjàkẹ́yìn. O kan ìṣó rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Fìlà lásán ò gbọdọ̀ kan ìṣó náà. Àwòrán tí o kò rí rí, o ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò: bó ṣe borí, bí ọ̀tá ṣe kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ atún-aago-ṣe ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fa ọ̀rọ̀ náà títí o fi lọ. Lẹ́yìn rẹ, ẹbí ní ká gbé fọ́tò rẹ kọ́ síbẹ̀. Ìyàwó rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìṣó náà ní ohun tó ń dúró dè.

Lọ́dún yìí, àkọ́bí rẹ rí àwòrán náà nílé ìtajà ohun àtijọ́ kan ní ìlú tí iṣẹ́ gbé e lọ. Ó gbé e wálé, a tú u. Àbúrò mi, ẹlẹ́ṣin funfun ń sá lọ ni! Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ẹrẹ̀ ti ba ẹ̀wù dáadáa jẹ́, àwọn ọ̀tá ń ju fìlà sókè lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá gbé e kọ́, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé o purọ́. Bí a ò bá gbé e kọ́, kí la ti ń fi ìṣó ṣọ́ látọjọ́ yìí? Ìyàwó rẹ nu gíláàsì rẹ̀, ó gbé e kọ́.

Láàárọ̀ òní, ọjọ́ ìrántí rẹ, atún-aago-ṣe wọlé. Ó wo ògiri, ẹ̀rín ti dé ètè rẹ̀. Kò tíì yanu tí ìyàwó rẹ fi sọ pé, "Kò sá o, ẹ̀gbọ́n. Ó lọ kó ọmọ ogun sí i wá ni."

Ọkùnrin tó ti ń wá ọjọ́ tó máa borí rẹ ṣí fìlà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó wa. Á padà dé."

A fẹ́ràn rẹ, Ọ̀gágun. A fẹ́ràn rẹ, tìwọ ti irọ́ rẹ. Ìṣó ti rí ohun tó ń retí. Àwa ò tíì rí ọ. Ibo lo ti lọ kó ọmọ ogun, tí o fi pẹ́ tó báyìí?