Ẹja tó Jẹ Iyùn Bàbá Àgbà

Laras,

Má tíì bú mi. Darsono apẹja gbé ẹja aláràbarà kan wá láàárọ̀, ó ní, "Mbah, ó rẹwà bíi yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọge!" Èmi ìyá àgbà rẹ, arúgbó aláìléyín, gbà á gbọ́, mo bá jù ú sínú àpótí dígí. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ó ti ń já iyùn alààyè tí bàbá àgbà rẹ gbìn sínú omi ibẹ̀ kó tó kú jẹ. Ọwọ́ arúgbó mi ò lè mú un jáde.

Fi àwọ̀n gbé ẹja náà sínú garawa omi òkun. Má dín in o, ebi ló pa á. Iyùn kan ló kù lẹ́yìn àpáta. Má fọwọ́ kàn án. Mo ti mú òdòdó lọ síbi ibojì, kí bàbá àgbà rẹ lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi.

Mbah