Màmá Ọmọ-Ta-Ni, Tó Gbé Kámẹ́rà Sílẹ̀ Láti Bá Ẹlẹ́bí Wá Ẹbí

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1948, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ni ìyá wa ọ̀wọ́n kọ́kọ́ ké sáyé. Télọ̀ náà ni bàbá wọn, agbẹ̀bí ni ìyá wọn, àwọn sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Láti kékeré ni wọ́n ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ń bi gbogbo oníbàárà pé, “Ọmọ ta ni yín?” Bàbá wọn a ní, “Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn ná!” Bí ìnagijẹ Ọmọ-Ta-Ni ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá ní 1966, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ fọ́tò fún ọdún méjì. Ní 1971, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù gbà wọ́n láti máa ká wáyà. Kò pé ọdún mẹ́rin tí kámẹ́rà fi wà léjìká wọn. Ní 1974 wọ́n fẹ́ bàbá wa, atúnrédíòṣe. Bàbá máa ń sọ pé kí òun tó tú ìdérí rédíò tí ìyá wa gbé wá, wọ́n ti mọ orúkọ bàbá tó bí bàbá òun.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù tiwọn, ìyá wa kì í lo òṣèré. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, irú wọn ni wọ́n ń yà. Ní 1993, wọ́n lọ ya fíìmù nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìyá àgbà aránṣọ kan níbẹ̀ sọ pé, “Omíyalé ló ya èmi àti àbúrò mi. Àpá iná wà ní àgbọ̀n rẹ̀. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.” Oṣù mọ́kànlá ni ìyá wa fi to fíìmù náà pọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi hàn ni ìyá àgbà náà kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi hàn, obìnrin kan dìde láàrin èrò. “Ẹ dá a dúró! Ìyá mi ni wọ́n ń wí!” Àbúrò náà wà láàyè, òpópónà mẹ́rin péré sí ilé àwọn àgbàlagbà. Wọ́n mú un wá wo fíìmù. Ó kàn ń fọwọ́ pa ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ògiri tí fíìmù ń hàn sí ni. Ìyá wa sunkún títí. “Mo rí àyè to àwòrán,” ni wọ́n ń wí, “n kò rí àyè wá ènìyàn.”

Wọn kò gbé kámẹ́rà mọ́; bíbá ènìyàn wá ẹbí ló di iṣẹ́ wọn. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti fọ́tò àtijọ́ ló gba pálọ̀ wa. Ìlà ìdílé tí wọ́n ń yà sórí páálí gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ilé ìdáná, tí Bàbá fi ní, “Bí ẹbí yìí bá tún bímọ, balùwẹ̀ ló kù o!” A kò ní purọ́ mọ́ wọn: ọ̀pọ̀ ìkòkò ló jóná, wọn kò sì sí níbi ìgbéyàwó àkọ́bí wọn títí ó fi ku díẹ̀ kó parí, torí wọ́n ń wá bàbá àgbà oníbàárà kan kiri. Wọ́n tọrọ àforíjì, àkọ́bí wọn sì fi ẹ̀rín gbà á. Ìdílé igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n bá wá ẹbí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ni wọ́n fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní 2024, nọ́ọ̀sì wọn sọ pé òun kò mọ ẹnì kankan níhà bàbá òun, àfi fọ́tò kan. “Gbé e wá, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ikú á ṣì ní sùúrù.” Òǹtẹ̀ ayàfọ́tò àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn wọn kọ lẹ́tà síbẹ̀. Wọ́n sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà ni èsì dé.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan sílẹ̀. Lórí ìjókòó kejì, ẹ ó rí nọ́ọ̀sì náà àti bàbá arúgbó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kí wọn.

Ẹ sùn ire, Màmá. Kí àwọn ẹbí yín tó ti ṣáájú wá pàdé yín lọ́nà.