Òwú Búlúù fún Akọ, Òwú Pupa fún Abo

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun? Àwa náà wà, àárẹ̀ nìkan ló ń bá mi gbé. Ẹni tó ń ṣọ́ wa kò ní gbàgbé tìẹ. Baba rẹ ń kí ọ, ṣùgbọ́n inú ń bí i, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò dáhùn, o kàn ń ka orúkọ oúnjẹ lédè Jámánì lọ. Mo bínú, mo ní ṣé bí ìlú ńlá ṣe ń ba ọmọ jẹ́ nìyẹn. Ìyàwó káfíńtà ló sọ pé ohùn tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni, kò lè gbọ́ mi. Síbẹ̀ mo ṣì máa ń kí i.

O ní kí n máa bi ọ́ ní ìbéèrè kí ìdánwò Ọjọ́bọ̀ tó dé, èyí tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ilé ìdáná ọsibítù ní Jámánì lọ́hùn-ún. Mo ní kí èmi náà kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. O ní nínú èdè wọn, akọ ni ìrẹsì àti ẹja, abo ni wàrà àti àlùbọ́sà, ẹyin kò ṣakọ kò ṣabo, ẹyin tí adìyẹ yé lójú mi! Ta ni mo jẹ́ tí n ó bá wọn jiyàn? Mo mú òwú ní ṣọ́ọ̀bù baba rẹ, mo so búlúù mọ́ akọ, pupa mọ́ abo, funfun mọ́ àwọn tó kù, mo sì yà wọ́n sọ́tọ̀, torí kò yẹ kí akọ àti abo tí kò fẹ́ra máa jọ sùn lórí pẹpẹ kan. Àyè kò tó, mo bá kó àwọn olówùú funfun sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iyọ̀ wà lára wọn. Omi tí mo fi ń fọ ilé wọ inú agolo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yọ́. Ó di ọjọ́ kẹta tí baba rẹ ti ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, òwú tó fẹ́ fi rán ṣòkòtò oníbàárà sì wà lọ́rùn àpò ìrẹsì. Ó bi mí pé ṣé orí mi pé.

Orí mi pé, ó kàn ti rẹ̀ mí ni. Baba rẹ kò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ: ìdánwò méjèèjì tó o kùnà, èmi ni mo gbàdúrà pé kó o kùnà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sókè òkun, wọn ò padà. Mo ní Ọlọ́run, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Nígbà tó o sunkún sí mi létí, mo ń tù ọ́ nínú, bẹ́ẹ̀ inú mi ń dùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó fi tún un ṣe. Ìdí tí mo fi ń so òwú nìyẹn. Dárí jì mí.

Jọ̀wọ́, fi owó iyọ̀ àti ti òwú búlúù ránṣẹ́, kí baba rẹ lè fọwọ́ wọ́nú. Lọ́jọ́bọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni n ó wà, àdúrà kan ṣoṣo ni n ó sì gbà: wàá yege. Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀, á gbà ọ́. Tó o bá ti dé ọ̀hún, máa fi irú ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní bínú mọ́ pé kò dáhùn.

Ìyá rẹ.